Ẹja Òjé Tí Adébọ̀dé Rọ Fún Àwọn Ọmọ Wa

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ kú aráfẹ́rakù. Ẹ̀yin ará Bajulaiye tẹ́ ẹ fẹsẹ̀ rìn wá, ẹ̀yin ará Ìlàjẹ tẹ́ ẹ ti etí ọ̀sà wá, ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ tẹ́ ẹ jókòó síwájú níbí, mo kí yín. Ìyá Ìfẹ́dayọ̀, aya ọ̀rẹ́ mi, Ọlọ́run á tù yín nínú.

Mo rí i pé àwọn ọmọdé pọ̀ láàárín wa. Ẹ má lé wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó. Àmọ́ kí ìyá kọ̀ọ̀kan di ọwọ́ ọmọ tiẹ̀ mú, kó là á, kó wò ó. Mi ò ṣàwàdà o. Ẹ là á wò. Èyí tó bá sì ní nǹkan lẹ́nu, ẹ ní kó tu ú sí yín lọ́wọ́.

Ó dáa.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ mí, Lazarus lorúkọ mi. Ọmọ Ìlàjẹ ni mí, etí omi ní Bàrígà, níbi tí wọ́n ń pè ní Ìlàjẹ, ni mò ń gbé. Iṣẹ́ òjé ni mò ń ṣe: èmi ni mo máa ń yọ́ òjé táwọn apẹja ń so mọ́ ẹsẹ̀ àwọ̀n kó lè rì. Ọdún mọ́kànlélógún lèmi àti Adébọ̀dé tá a wá sin yìí ti ń bá ọ̀rẹ́ bọ̀. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ inú rere rẹ̀. Màá sọ ọ́. Màá sọ ti agídí rẹ̀ náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni màá wá jẹ́ iṣẹ́ tó fi rán mi sí yín. Mo bẹ̀ yín, kẹ́nikẹ́ni má dìde lọ kí n tó débẹ̀.

Ẹ ò gbàgbé ọdún táwọn sójà gbàjọba padà, tí wọ́n ní àpò ìjọba ti gbẹ, kí kálukú lọ fara dà á. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ògiri ọ́fíìsì, àwọn àgbààgbà ń na ọrùn bí ọmọ iléèwé tó ń wá orúkọ ẹ̀ nínú èsì ìdánwò. Adébọ̀dé rí orúkọ tiẹ̀ nínú àwọn tó ń lọ sílé. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi ṣe akọ̀wé. Ó gbé áńbẹ́rẹ́là rẹ̀, ó gbé fúláàsì omi rẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn wálé.

Ìyá Ìfẹ́dayọ̀ ń lọ sọ́jà lójoojúmọ́ láti ta òwú àti bọ́tìnnì, ọkọ ń jókòó sílé. Ẹ̀yin ọkùnrin mọ bó ṣe máa ń rí. Ẹlòmíràn á bẹ̀rẹ̀ sí í mutí. Ẹlòmíràn á máa wá ìjà kiri inú yàrá. Adébọ̀dé gbé àpótí síta, ó jókòó síbi táwọn ọmọdé wà.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Rọ̀kíbátù, aránṣọ tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwọn, fẹ́ lọ gbé aṣọ fún oníbàárà. Ọmọ méjì ló ní: Nusaibah, ọmọ ọdún mẹ́rin, àti Habeebat tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wojú wọn. Mi ò ní pẹ́." Kò tíì dé ojú títì tí Nusaibah fi figbe ta. Adébọ̀dé pàtẹ́wọ́ fún un, kò dákẹ́. Ó kọrin, igbe ń le sí i. Ló bá ṣa agolo mílíìkì kan nílẹ̀, ó fi ìṣó lu ú, ó fa irin tẹ́ẹ́rẹ́ yọ lára áńbẹ́rẹ́là ọ́fíìsì rẹ̀, ó bọ́ sílípáàsì ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gé e ní róbótó mẹ́rin fún táyà. Nígbà tí Rọ̀kíbátù padà dé, ọmọ ń fa ọkọ̀ kiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, Bàbá jókòó pẹ̀lú sílípáàsì kan ṣoṣo.

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pè é ní Bàbá Alágolo.

Ẹ ò rí ohun tí ọkùnrin yìí ń fi pàǹtí ṣe! Ràsákì onítẹ̀wé tó jókòó síbí yìí máa ń kó àjákù pépà fún un láti Bajulaiye. Wọ́n á ká a, á di fìlà. Wọ́n á tún un ká, á di ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n á fi ẹ̀kọ lẹ̀ ẹ́, wọ́n á fi ọwọ̀ ìgbálẹ̀ gún un láàárín, á di abẹ̀bẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń yí. Agolo tòmátì méjì àti okùn gígùn, ó di tẹlifóònù: ọmọ kan á wà lẹ́nu géètì, èkejì á wà lẹ́yìn ilé, wọ́n á máa bi ara wọn bóyá wọ́n ti jẹun. Èèpo àgbàdo di ọmọlańgidi. Ewé àgbọn di aago ọwọ́. Kì í sì í dá a ṣe fún wọn. Á ní, "Ìwọ ni kó o ká a, èmi á di igun rẹ̀ mú." Bí ọmọ bá bà á jẹ́, á tú u, á ní kó tún un ká. Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Iwájú ilé yẹn ni mo ti rí òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà.

Agídí rẹ̀ ńkọ́? Bọ́dúndé wà níbí, ẹ bi í. Ọ́fíìsì kan náà ni wọ́n jọ ṣe. Ó wá síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, inú ń bí i. Ó ní, "Adébọ̀dé, akọ̀wé àgbà bíi tìẹ! O jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ò ń gún agolo! Ṣé ojú ò tì ọ́ ni?" Adébọ̀dé ò gbójú sókè. Ó ní, "Bọ́dúndé, bá mi di okùn yìí mú, ó fẹ́ já." Bọ́dúndé dì í mú. Ó tún ní kó jókòó kí okùn má baà fà jù. Ọ̀sán ti pọ́n gan-an kí Bọ́dúndé tó lọ sílé, fìlà pépà wà lórí ẹ̀.

Ẹ rẹ́rìn-ín. Ó tọ́ kẹ́ ẹ rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Nígbà tó yá, agolo tán nílẹ̀. Ta ló tún ń ra mílíìkì? Ẹni tó bá rí ọ̀kan rà, á fi omi ṣan inú agolo mu, á wá tọ́jú agolo fi wọn gàrí. Pépà náà ò wọ̀lú mọ́. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Ràsákì ń sùn. Àwọn ọmọ á dé ọ̀dọ̀ Bàbá láàárọ̀, wọ́n á nawọ́, kò sí nǹkan kan láti fi lé e. Ìyẹn ló gbé e wá sọ́dọ̀ mi ní Ìlàjẹ.

Ó bá mi níbi tí mo ti ń yọ́ òjé. Bátìrì ọkọ̀ tó ti kú ni mo máa ń fọ́ kó òjé inú rẹ̀. Ìgbà yẹn sì rèé, bátìrì tó kú pọ̀ ju ọkọ̀ tó ń rìn lọ. Ẹ̀kán òjé kan ta sílẹ̀, ó dì. Adébọ̀dé mú un, ó gbé e yí lọ́wọ́. Ó ń dán. Ó tutù. Ó wúwo dáadáa lọ́wọ́. Ó ní, "Lazarus, èyí á dára fún ọmọdé. Kò ní fọ́. Kò sì ní gé wọn lọ́wọ́ bí agolo."

Ẹ gbọ́ ọ. Torí kó má gé wọn lọ́wọ́ ni.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà o. Èmi ni mo fún un ní ìkòkò irin. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tẹ yanrìn mọ́lẹ̀, bí wọ́n ṣe ń da òjé sí i. Bàbá tó bí mi, iṣẹ́ yìí ló ṣe. Kó tó pé ẹni ọgọ́ta ọdún, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti rọ láti ọrùn ọwọ́ wálẹ̀, ìyá wa ló ń fi oúnjẹ sí i lẹ́nu. A ní ayé ló ṣe é. Mi ò bi ara mi léèrè rí. Oúnjẹ ń ti inú ìkòkò yẹn wá, mi ò yẹ ìdí ẹ̀ wò.

Ẹja ni Adébọ̀dé rọ. Ẹja kékeré, kò ju ìka àtàǹpàkò lọ. Àwọn ọmọ fúnra wọn ló ń fi igi tẹ àwòrán rẹ̀ sínú yanrìn, òun á da òjé. Tó bá tutù, wọ́n á fi eérú àti àkísà nù ún títí á fi máa kọ mànà. Ẹ̀yìnkùlé, níbi tí ògiri yí i ká, ló ti ń yọ́ ọ, èéfín ò sì rí ibi gbà jáde. Ọmọ Bajulaiye gbà, ọmọ Igbóbì gbà, ọmọ Bàrígà gbà. Iléyá gbà, Kérésì gbà. Wọ́n ń fi í sábẹ́ ìrọ̀rí. Wọ́n ń fi í sẹ́nu. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má ṣe ní ọmọ tiyín kì í fi nǹkan sẹ́nu. Òjé a máa dùn lẹ́nu. Dídùn ni wọ́n ní ó ń dùn.

Nusaibah fi tiẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ẹni tó ń jẹ obì.

Inú ló kọ́kọ́ ń run ún. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ń bì. Ojú rẹ̀ funfun. Ọmọ tó ń ká ọkọ̀ pépà fúnra ẹ̀, ó wá ń wo pépà bí ẹni tí kò rí i rí. Wọ́n ní ibà ni. Wọ́n ní omi kànga ni, a gbọ́n kànga gbẹ. Ní ọjọ́ Alàmísì kan, kó tó di ọ̀sán, gìrì gbé e, kò sì sọ ọ́ kalẹ̀. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà. Nígbà tí wọ́n ń ṣa ẹrù rẹ̀, wọ́n rí ẹja lábẹ́ ìrọ̀rí. Wọ́n mú ẹja ẹ̀gbọ́n, wọ́n fún àbúrò kó má baà sunkún.

Kò pé oṣù mẹ́ta, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run Habeebat.

Adébọ̀dé ló pọ̀n ọ́n lọ sílé ìwòsàn. Ó pọ̀n ọ́n sẹ́yìn bí obìnrin, Rọ̀kíbátù ń tẹ̀ lé e. Dókítà obìnrin kan ló rí wọn. Ó gbé ètè ọmọ sókè, ó tan iná sí i. Ìlà dúdú kan wà ní èrìgì rẹ̀, tín-ín-rín, bí ẹni fi yíǹkì fà á. Ó ní, "Kí lọmọ yìí máa ń fi sẹ́nu?" Rọ̀kíbátù ní kò sí. Dókítà ní, "Kí ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn?" Wọ́n la ìka rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹja ni.

Dókítà ní, "Òjé nìyí. Májèlé ni. Ta ló fún un?"

Adébọ̀dé lè dákẹ́. Ó lè wolẹ̀, kó jẹ́ kí ìyá ọmọ dáhùn. Adébọ̀dé ní, "Èmi ni mo ṣe é, dókítà. Èmi ni mo fún gbogbo wọn."

Rọ̀kíbátù ò ké. Ó kọjú sí dókítà, ó ní, "Nusaibah ńkọ́?"

Dókítà ní, "Èwo ni Nusaibah?"



Oògùn tí wọ́n kọ, a wá a káàkiri Èkó, kò sí. Wọ́n ní ọkọ̀ òkun tó yẹ kó gbé e wá ò dé. Dókítà ní bí kò bá sí oògùn, kí wọ́n máa fún un ní mílíìkì. Mílíìkì, ẹ̀yin èèyàn wa! Ṣùgbọ́n Habeebat ò kú. Òun ló wà lẹ́sẹ̀ ìyá ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yẹn. Ẹ pè é lẹ́ẹ̀mẹta kó tó yíjú.

Lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn, Adébọ̀dé dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún obìnrin tó lè bí lọ́mọ. Rọ̀kíbátù ní, "Ẹ dìde, Bàbá. Mélòó lẹ ṣe?"

Ó ní, "Mi ò kà á."

"Ta lẹ fún?"

"Ẹnikẹ́ni tó bá nawọ́."

Rọ̀kíbátù ní, "Ẹ dìde, kẹ́ ẹ lọ kó wọn padà."

Ó dé ọ̀dọ̀ mi lọ́jọ́ yẹn kan náà. Ó ní, "Lazarus, bá mi lọ. Ìwọ mọ̀ ọ́n sọ jù mí lọ." Mo ní, "Adébọ̀dé, oúnjẹ mi nìyí. Báwọn apẹja bá gbọ́ pé májèlé ni òjé, ta ló máa rà á? Má dárúkọ mi níbẹ̀." Ó ní, "Mi ò ní dárúkọ rẹ."

Òun nìkan ló lọ. Àpò ìrẹsì léjìká, láti ilé dé ilé. Ẹ̀yin náà rí i. Àwọn kan nínú yín fi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ ní, "Bàbá Alágolo fi nǹkan tọrẹ tán, ó tún ń gbà á padà." Àwọn kan ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Kò dá a dúró. Ọmọ tí kò bá fẹ́ fi sílẹ̀, á jókòó tì í, á ṣe ọmọlańgidi èèpo àgbàdo fún un, á fi pàṣípààrọ̀. Ìgbà yẹn ni mo ṣàkíyèsí pé ọwọ́ rẹ̀ ò gbé mọ́. Ó ń so okùn, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ń rọ bí ewé tí oòrùn pa. Mo mọ ohun tí mò ń wò. Mo rí i lára bàbá mi. Mo gbójú kúrò.

Ó wá di Sátidé ìmọ́tótó, tí gbogbo èèyàn ń kó gọ́tà, tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ rìn. Adébọ̀dé ní ọjọ́ yẹn ló dára, nítorí pé ìyá àti bàbá á wà nílé. Agídí! Àpò rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún nígbà táwọn sójà dá a dúró ní Bajulaiye. Èmi wà nílé Ràsákì, lẹ́yìn fèrèsé. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Sójà béèrè ohun tó wà nínú àpò: "Wetin dey inside bag?"

Ó ní, "Ohun ìṣeré ọmọdé ni, sà."

Wọ́n tú u wò. Wọ́n rí òjé. Ẹni tó jẹ́ ọ̀gá wọn fi Yorùbá sọ ọ́ kó lè yé e: "Ọta ìbọn lò ń rọ, bàbá arúgbó. Ta ló ń fún ọ ní òjé?"

Ẹ̀yin èèyàn wa, mo di irin fèrèsé mú. Orúkọ kan péré ni wọ́n ń béèrè. Adébọ̀dé ní, "Mo rà á lójú ọ̀nà, sà. Mi ò mọ orúkọ ẹni tó tà á."

Wọ́n ní kó máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Ó fò títí ó fi ṣubú. Nígbà tó ṣubú, sójà gbé àpò, ó dojú rẹ̀ délẹ̀. Ẹja tú jáde sójú títì, ó ń dán nínú oòrùn. Gbogbo ọmọ tó ń bá ìyá wọn kó gọ́tà, wọ́n sáré sí i. Adébọ̀dé ń pariwo lórí ìkúnlẹ̀, "Ẹ má ṣà á! Ẹ má ṣà á!" Wọ́n gbá a létí nítorí ariwo yẹn. Kí ojú tó ṣẹ́, ojú títì ti mọ́ kedere. Ohun tó fi ọ̀pọ̀ oṣù kó jọ, ó ti tún padà sínú ilé yín.

Kò tún dìde dáadáa lẹ́yìn ọjọ́ náà. Inú rírun tó pa Nusaibah, òun náà ló ká a mọ́ ẹní. Nígbà tó kù díẹ̀, ó ní kí n sún mọ́ òun. Ó ní, "Lazarus, wọn ò gbọ́ tèmi láàyè. Tí mo bá kú, wọ́n á péjọ, wọ́n á jókòó, wọ́n á dákẹ́. Sọ ọ́ fún wọn nígbà yẹn."

Iṣẹ́ tó fi rán mi nìyí. Mo ti jẹ́ ẹ. Mo sì fi orúkọ tí kò dá kún un: èmi ni mo fún un ní òjé. Ẹni tó bá fẹ́ ṣépè, ojú mi rèé. Mo ti pa iná ìkòkò mi. Bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ọwọ́ òsì ni mo fi di ìwé orin yìí mú, nítorí ọ̀tún ò dáhùn dáadáa mọ́ láti oṣù tó kọjá.

Ẹ dúró. Ó ku ọ̀kan. Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ tó kọjá, mo rí ọmọ kan ní etí omi, ẹja òjé wà lọ́rùn rẹ̀ tí wọ́n fi okùn sí. Mo bẹ ìyá rẹ̀, mo gbà á, mo gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Ẹja Adébọ̀dé, ojú kan ló máa ń ní, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń tẹ̀. Èyí ní ojú méjì. Kì í ṣe tiwa. Ìyá ọmọ ní òun rà á lórí àtẹ. Ẹnì kan ti ń rọ ọ́ o. Ẹnì kan rí i pé ọmọ fẹ́ràn rẹ̀, ó sì ti gbé ìkòkò kaná. Ó lè jẹ́ pé ó jókòó síbí. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Mo bẹ̀ ọ́, ìwọ tí mi ò mọ̀. Mo fi òkú tó wà nílẹ̀ yìí bẹ̀ ọ́.

Ẹ máa fi agolo ṣeré fún ọmọ yín. Ẹ máa ká pépà. Ẹ bá wọn di igun rẹ̀ mú bó ṣe ń dì í mú. Èyí tó jẹ́ òjé, ẹ má jù ú sí kànga, ẹ má jù ú sí gọ́tà, ẹ má tà á. Garawa kan wà lọ́wọ́ Rọ̀kíbátù lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Òun ló ní òun máa jókòó tì í. Òun ló máa gbẹ́ ihò tí a ó rì í sí.

Adébọ̀dé, ọ̀rẹ́ mi. Ọ̀nà tó o tọ̀ yìí, kí ẹ̀gún má gún ọ, kí sójà kankan má dá ọ dúró béèrè ohun tó o gbé. O ò gbé nǹkan kan mọ́. Bó o bá rí Nusaibah níbẹ̀, kúnlẹ̀ kó o tó pè é lórúkọ. Bó bá dá ọ lóhùn, bá a ṣeré. Bí kò bá dá ọ lóhùn, jókòó sítòsí, ní sùúrù. O mọ sùúrù ọmọdé ju gbogbo wa lọ. Má bojú wẹ̀yìn. Èyí tó kù nílẹ̀, ọrùn wa ló wà. Ó dìgbà kan ná, ọ̀rẹ́ tí kò dárúkọ mi.

Rọ̀kíbátù, gbé garawa náà wá síwájú. Gbé e kalẹ̀ síbí. Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ dákẹ́ díẹ̀. A ò ní kọrin, a ò ní gbàdúrà, títí a ó fi gbọ́ ìró ẹja àkọ́kọ́ nínú garawa.